Ẹ Yí Lọ Sẹ́yìn Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń kóra jọ sí yàrá mi ní Èrìò láti ta géèmù, mo ń wò yín, n kì í sì í sábà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ti àná ti kọjá wíwò. Táǹkì (kì í ṣe ti omi o) dúró gbagidi níwájú, ẹni tó mú pádì ń da ọta sí i lójú, ọta ń ta padà bí àgbàdo inú agbada, ọ̀gá sì ń bínú pé ìbọn kò dára. Ìbọn dára. Ibi tó ń yìn ín sí ni kò dára.

Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ rí bó ṣe ń jó ni lójú ọwọ́? Irin tó bá ń jẹ epo gbọ́dọ̀ mí, ibi tó ti ń mí kò sì ṣeé dí. Àwọn ará Swídìn tí wọ́n ń jẹ́ Arrowhead, tí wọ́n gbé géèmù Helldivers 2 jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, mọ èyí. Iwájú táǹkì àwọn ọ̀tá onírin tí wọ́n ń pè ní Automaton nípọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn orí rẹ̀ tó ń yí, ihò ooru wà níbẹ̀, ó ń pọ́n yòò. Ibẹ̀ ni kí ẹ da ọta sí. Hulk, ọ̀tá onírin mìíràn nínú wọn, náà ní ihò ooru tirẹ̀ lẹ́yìn. Ó tún ní ojú pupa kan níwájú, àmọ́ ojú yẹn kéré, ó sì ń mì bó ṣe ń rìn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Báwo lẹ ṣe máa dé ẹ̀yìn? Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ máa ń wà níbẹ̀, kí ló dé tí gbogbo yín ń tò síwájú? Kí ẹnì kan fara hàn, kó sá sẹ́yìn òkúta, kó tún fara hàn. Bí orí táǹkì bá ti ń tẹ̀lé e, kí ẹnìkejì yọ́ gba ẹ̀gbẹ́. Ọdẹ ni bàbá mi, apá Ẹ̀fọ̀n ló ti ń ṣe é; ó lè dúró títí kí ẹran tó fi ẹ̀gbẹ́ hàn án kó tó fọwọ́ kan ìbọn. Ẹ sì rántí pé nínú géèmù yìí, ọta tó ta padà lè pa ìwọ tàbí ẹnìkejì rẹ. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yìí, ìjà gidi ló bí.

Bí ẹ̀rọ ńlá tí ẹ ń bá jà bá ń fẹsẹ̀ rìn, oríkèé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Nínú géèmù Halo 3, ti ọdún 2007, ẹ̀rọ ọ̀tá tí wọ́n ń pè ní Scarab ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ẹ yìn ín lẹ́sẹ̀ títí yóò fi kúnlẹ̀. Bó bá ti kúnlẹ̀, ẹ fò gun orí rẹ̀, ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ fọ́ irin tó bo ọkàn rẹ̀, kí ẹ wá fọ́ ọkàn náà. Lẹ́yìn náà, ẹ sá! Èmi kò sá nígbà àkọ́kọ́. Mo dúró lórí rẹ̀, mo ń jó, mo ń pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wo ohun tí mo ṣe. Ó bú gbàù, èmi àti òun sì jọ lọ. Mo ní kí n tún un ṣe lójú wọn, ni wọ́n bá mú iná lọ.