Nígbà Tí Ẹni Tó Ń Kó Ọjà fún Ni Bá Di Abánidíje

Ó ti pẹ́ tí ìlà kan ti wà nínú òwò awò ojú tí ẹnikẹ́ni kò fà sórí ìwé: ẹni tó ń ṣe férémù kò ní í dúró níwájú oníbàárà, ẹni tó ń gbé awò sójú oníbàárà kò sì ní í dá ilé ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọdún 1995 ni ìlà náà já ní Amẹ́ríkà. Luxottica, ilé iṣẹ́ tí Leonardo Del Vecchio dá sílẹ̀ lọ́dún 1961 ní Agordo, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè àríwá Ítálì, ra United States Shoe Corporation. Bàtà kọ́ ló gbé e débẹ̀. Oníbàtà yìí ló ni LensCrafters, tó ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù káàkiri láti ọdún 1983 pẹ̀lú ìlérí pé awò á jáde láàárín wákàtí kan. Wọ́n ta apá tó jẹ́ ti bàtà, wọ́n di ti awò mú. Láti ìgbà náà ni oníṣẹ́ awò tó dá dúró ti ń sanwó ọjà fún ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè wà ní òdìkejì títì.

Kí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ má ṣe ka èyí sí àlọ́. Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi gòkè, wọn kò fò. Ẹ̀yà ara férémù ni Del Vecchio kọ́kọ́ ń ṣe fún àwọn ẹlòmíì. Nígbà tó di 1971, ó jáwọ́ nínú ṣíṣe iṣẹ́ fún ẹlòmíì, awò tirẹ̀ nìkan ló ń ṣe. Lọ́dún 1974 ó ra Scarrone, alágbàtà tó ń pín awò fún àwọn ṣọ́ọ̀bù Ítálì. Ibi tí èrè bá dúró sí ló ń lọ bá a. Ní 1999 ó ra Ray-Ban lọ́wọ́ Bausch & Lomb. Orúkọ náà ti rẹlẹ̀ débi pé ilé epo ni wọ́n ti ń tà á pẹ̀lú ṣíngọ́ọ̀mù. Wọ́n kó o kúrò níbẹ̀, wọ́n tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì padà sọ́jà pẹ̀lú owó tó ga. Ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́: ẹni tó ni orúkọ ló ń pinnu ibi tí wọ́n á ti tà á.

Ẹ̀kọ́ tó gbópọn jù wà lọ́dọ̀ Oakley. Ilé iṣẹ́ California yìí ní ilé ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ní orúkọ, àwọn eléré ìdárayá ń gbé e kiri lójú. Ṣùgbọ́n oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù ni Sunglass Hut, nígbà tó sì di 2001, Luxottica ra Sunglass Hut. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí ọjà tí Sunglass Hut ń béèrè lọ́wọ́ Oakley fi wálẹ̀ gidigidi, tí iye ìpín Oakley sì ṣubú yakata. Kí ọdún náà tó parí, ìhà méjèèjì tún fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ti rí ẹni tó di èkù idà mú. Lọ́dún 2007 Luxottica ra Oakley fúnra rẹ̀, ní ohun tó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù méjì dọ́là. Bí ilé iṣẹ́ tó tó Oakley bá lè rí èyí, ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn kan kò gbọdọ̀ sùn.

Èyí tó kù yá. Pearle Vision bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 2004. Ní 2018 Luxottica dara pọ̀ mọ́ Essilor ti ilẹ̀ Faransé, àwọn tó ni Varilux, lẹ́ǹsì tí Bernard Maitenaz gbé jáde lọ́dún 1959 tí ènìyàn lè fi wo ọ̀nà jíjìn lókè kó sì fi kàwé nísàlẹ̀. Férémù àti lẹ́ǹsì wá di ti ilé kan. Ní 2021 wọ́n ra GrandVision, tó ní ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 7,000. Àjọ Yúróòpù fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 300 ní Ítálì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Netherlands. Ìbẹ̀rù tí àjọ náà sọ jáde kò yàtọ̀ sí ti oníṣẹ́ kékeré: pé ẹni tó ń kó ọjà fún gbogbo ayé lè fi ọjà náà dí abánidíje rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdíwọ́ náà kì í sábà wá pẹ̀lú ariwo. Ẹni tó ń kó ọjà fún ṣọ́ọ̀bù mọ férémù tó ń yá níbẹ̀, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un béèrè. Oníbàárà á wo férémù, á gbé e sójú, á ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀, á sì lọ rà á níbi tí wọ́n ti dín owó kù. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ adójútòfò tó ń sanwó awò fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn, EyeMed, jẹ́ ti Luxottica. Èyí tó yẹ kó dun oníṣẹ́ jù ni VSP: àwọn dókítà ojú tó dá dúró ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní California lọ́dún 1955, òun náà ló wá ra Marchon tó ń ṣe férémù ní 2008, tó sì ra àwọn ṣọ́ọ̀bù Visionworks ní 2019. Kódà ẹgbẹ́ tí àwọn aládàáni ń bá wọ inú rẹ̀ kí wọ́n lè jọ rajà lọ́pọ̀ kò yọ sílẹ̀: Vision Source ti wà lábẹ́ Essilor láti ọdún 2015.

Òótọ́ ni pé àwọn ilé ńlá wọ̀nyí ṣe rere. Awò tó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀ ń jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, àwọn oníṣẹ́ kékeré náà sì kọ́ ìyára lára wọn. Àgbà tó bá fi ọgbọ̀n ọdún bú Luxottica ní ẹ̀yìn káńtà kò tíì ta awò kan nípa bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́ tó bá gba ṣọ́ọ̀bù ni kó mọ ẹni tó ni férémù tó wà lára ògiri rẹ̀. Kó sọ àwọn férémù kalẹ̀ ní ọjọ́ tí ọjà kò yá, kó ṣí apá awò kọ̀ọ̀kan, kó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà, àwọ̀, lẹ́yìn náà 52, 18, 140, ìyẹn fífẹ̀ lẹ́ǹsì, àlàfo orí imú àti gígùn apá, ní mìlímítà. Kó wá kọ ẹni tó ni orúkọ náà gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ray-Ban, Oakley, Persol, Vogue Eyewear àti Oliver Peoples, olówó kan náà ló ni gbogbo wọn; Prada àti Chanel, ilé yẹn kan náà ló ń bá wọn ṣe awò wọn. Ṣọ́ọ̀bù tó rò pé òun ní ọjà oríṣi méje lè rí i pé oríṣi kan péré lòún ní. Bí ìlàjì ògiri bá ti di ti ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò, ó ti pọ̀ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wà ní Jámánì, Faransé àti Jàpáánì tí wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọn kì í sì í tà fún ilé ńlá. Ọjà wọn ni kó gba ààyè tó bá ṣí sílẹ̀.

Ìwọ̀n ni ohun kejì, òun ló sì tóbi jù. Lẹ́ǹsì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 6, tí àárín rẹ̀ fi mìlímítà 3 yẹ̀ kúrò níwájú ẹyinjú, á ti ohun tí ojú ń wò kúrò ní ààyè rẹ̀. Bí nǹkan náà bá wà ní mítà kan, á yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.8, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú èékánná àtàǹpàkò. Oníbàárà kò ní í mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí fífọ́ ni yóò sọ. Lẹ́ǹsì irú Varilux tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ tún férémù ṣe lójú oníbàárà kó tó wọn ohunkóhun. Kí ojú tirẹ̀ àti ti oníbàárà wà ní ìpele kan náà, kí oníbàárà máa wo iwájú gbọọrọ, kó wá fi bírò tó ṣeé nù fi àmì kékeré sára lẹ́ǹsì níwájú ẹyinjú. Bí àmì náà bá fi mìlímítà mẹ́ta rẹlẹ̀, ẹni tó ra awò olówó iyebíye á máa gbé àgbọ̀n sókè kó tó lè ka ìwé. Ọmọṣẹ́ tó ń kánjú ló ń wọ̀n ọ́n nígbà tí oníbàárà jókòó, tó ń wo fóònù rẹ̀.

Imú àwọn ènìyàn pẹ̀lú kò dọ́gba. Púpọ̀ nínú férémù oníke tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù, imú tó ga tó sì tín-ín-rín ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n wọn. Bí ọmọ Yorùbá bá gbé e sójú ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, á yọ̀ wálẹ̀, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti awò sókè. Àwọn ilé ńlá náà ti ń ṣe èyí tó bá imú bẹ́ẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ló gbọ́dọ̀ rí i kó tó mú un jáde. Kó ní férémù onírin tí ìrọ̀rí imú rẹ̀ ṣeé tẹ̀. Kó mọ bí a ṣe ń yá apá férémù oníke lórí atẹ́gùn gbígbóná kó tó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn etí. Títún awò ṣe fún ẹni tí kò rà á níbẹ̀, kó gba owó díẹ̀, kó má lé e.

Lórí ìwé awò, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ agbára lẹ́ǹsì sí, kí ọ̀dọ́ má ṣe fi í du ẹnikẹ́ni. Láti 1978 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ láìgbowó kún un, bí kò bá tilẹ̀ ra awò níbẹ̀. Ẹni tó bá di ìwé mọ́wọ́ kì í ṣe pé ó rú òfin nìkan, ó ti lé oníbàárà lọ fún ọdún mẹ́wàá.

Èyí tó kù ni ìwé àdéhùn. Kí aṣojú ilé iṣẹ́ tó wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí oníṣẹ́ ti ka ohun tó fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀: iye férémù tó gbọ́dọ̀ rà lọ́dún, èyí tó lè dá padà, ẹni tó ni ilé tó ń bá dòwò. Èyí tí kò bá yé e, kó má fọwọ́ sí i.