Ta Ni Yóò Jókòó fún Ayàwòrán?

Ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà, kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò jókòó fún yín. Ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò kì í tètè gbẹ, ẹni náà yóò sì máa padà wá lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán Yúróòpù láwọn ọdún 1800 fi ń ya ìyàwó ilé wọn: kò ní gbowó, ilé kan náà sì ni wọ́n ń gbé. Paul Cézanne ará Faransé ya Hortense Fiquet, ìyàwó rẹ̀, àwòrán bí 29. Nínú èyí tó yà ní nǹkan bí 1877, orí àga pupa ni Hortense jókòó sí, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lórí itan. Lójú tèmi, ìjókòó yẹn ti sú u.

Ní Èkó tiwa náà, ayàwòrán Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, fúnra rẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ yìí kó tó lọ sí London ní 1920. Àwọn òyìnbó kan ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya àwòrán tó jọ èèyàn gan-an. Ṣùgbọ́n ní 1906 ló ti ya Ìyáàfin Spencer Savage, aya ọlọ́lá Èkó kan. Nígbà tó padà dé láti London ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí ohun tó súnmọ́ni ṣe ń tóbi lójú ju ohun tó jìnnà lọ, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Mr Perspective.

Ó yá, ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé n'Ísàlẹ̀ Èkó, kí àǹtí yín jókòó, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ pajú dé díẹ̀. Ojú rẹ̀ yóò pín sí méjì, ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣókùnkùn. Ààlà àárín méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, kí ẹ tó ronú kan imú tàbí ẹyinjú. Ẹ má fi ọ̀dà dúdú kun ibi tó ṣókùnkùn o! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ba àwòrán jẹ́. Awọ ara wa kì í ṣe àwọ̀ kan: ó máa ń pọ́n díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, iwájú orí a sì máa dán bí àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọ̀dà aláwọ̀ pákó tó ki, pẹ̀lú búlúù díẹ̀, ti tó fún ibi tó ṣókùnkùn.

Ọwọ́ àǹtí tó wà lórí itan súnmọ́ yín ju orí lọ, nítorí náà ẹ má yà á kéré.

Bí àǹtí bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ jẹ́ kó dìde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹsẹ̀ àga àti bàtà rẹ̀ ká, kó lè padà jókòó síbi tó wà gan-an.