Ọwọ́ Ọ̀tún Bá Wọn Wí, Ọwọ́ Òsì Fà Wọ́n Mọ́ra: Ìbáwí Nínú Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù

Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la ó fi fà á mọ́ra. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù wà nínú òwe yìí pátápátá. Òun ló ń yan ẹni tí yóò wọ pápá, òun ló ń sọ ẹni tí yóò jókòó, òun náà ló sì ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti ẹni tó mutí mọ́jú ọjọ́ ìdíje. Bí ó bá le jù, ẹ̀rù ni àwọn ọmọ ikọ̀ yóò fi máa gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí ẹ̀rù sì ń bà kì í dán ohun tí kò ṣe rí wò. Bí ó bá rọ̀ jù, ẹni tó ń làágùn yóò rí i pé òun àti ọ̀lẹ kò yàtọ̀ lójú ọ̀gá, òun náà yóò sì dẹwọ́. Pé kí ìbáwí wà kò ní àríyànjiyàn nínú, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí yóò ṣe le tó, àti ibi tí yóò parí sí, ni ọ̀rọ̀ wà.

Igi gànǹgànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí òfin ti wà nílẹ̀, kí gbogbo ikọ̀ sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà: aago tí ìgbáradì ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹni tí kò ní lè wá gbọ́dọ̀ ṣe, ìwà sí rẹfirí, ọtí àti igbó, ìjà láàrin ara ẹni. Kí òfin má pọ̀. Èyí tí kóòṣì kò ní lè tẹ̀ lé dé òpin sáà, kí ó má ṣe sọ ọ́ jáde, torí ọjọ́ tó bá gbójú fo ọ̀kan ni àwọn yòókù ti di yẹ̀yẹ́. Ó dára kí balógun ikọ̀ àti àgbà agbábọ́ọ̀lù kan tàbí méjì wà níbi tí a ti ń gbé òfin náà kalẹ̀. Ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú òfin kì í tètè rú u, bí ẹlòmíràn bá sì rú u, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ó tó kan ọ̀gá.

Òfin gbọ́dọ̀ bá ìgbé ayé àwọn tó ń tẹ̀ lé e mu. Ní Ìláwẹ̀-Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án kò rí owó oṣù kankan gbà lórí rẹ̀. Ẹnìkan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama, ẹnìkan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí wẹ́dà, ẹnìkan ń gun ọ̀kadà, ẹlòmíràn ń bá baba rẹ̀ ro oko kòkó. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò tíì dá sílẹ̀ ní aago mẹ́rin kò rú òfin. Ọ̀gá rẹ̀ ni kò mọ̀ pé òfin wà. Kóòṣì tó gbọ́n yóò lọ kí ọ̀gá náà ní ṣọ́ọ̀bù, yóò lọ rí òbí akẹ́kọ̀ọ́ nílé, yóò sì bá wọn dá ọjọ́ tí ọmọ lè tètè jáde. Ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń dín ìpẹ́dé kù ju kí a máa ní kí ọmọ sáré yí pápá ká lọ. Ẹni tó bá sì máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ la ń wò. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń dé pápá lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí tó ń bú rẹfirí lójú gbogbo èrò, ti gba ohùn lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí bí olóògbé Stephen Keshi, nítorí ó jẹ ìyà rẹ̀ kí ó tó fi jẹ ẹlòmíràn. Ní 1985, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún New Nigeria Bank ti ìlú Benin, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù nílẹ̀ yìí dá òun àti àwọn mélòó kan dúró nítorí pé wọn kò tètè dé ibùdó ìgbáradì ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ kíláàbù ló mú wọn pẹ́. Ó kọjá sí Côte d'Ivoire, láti ibẹ̀ ó dé Belgium, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa sì gba ọ̀nà yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Orílẹ̀-èdè padà ké sí i. Òun ni balógun ikọ̀ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí láé nítorí ìpẹ́dé yẹn, ta ni ì bá di balógun yẹn?

Nígbà tí Keshi di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó le. Fún Ife Ẹ̀yẹ ti 2013 ní South Africa, ó fi Osaze Odemwingie, Yakubu Aiyegbeni, Obafemi Martins àti Taye Taiwo sílẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn ń dún ní Yúróòpù. Ó wá mú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, bíi Sunday Mba, àti Godfrey Oboabona tó wà ní Sunshine Stars ti Àkúrẹ́. Ariwo sọ. Odemwingie fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sórí Twitter. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, Nàìjíríà na Burkina Faso ní 1 sí 0, Mba ló gbá ayò náà wọlé, Keshi sì di ẹnì kejì tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ìtàn náà sí, wọ́n á ní líle ló gba ife. Ohun tó tẹ̀ lé e ló níye lórí jù. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2014 dé, Keshi pe Odemwingie padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ní Cuiabá ní Brazil, Odemwingie yìí kan náà ló gbá ayò kan ṣoṣo tí Nàìjíríà fi ṣẹ́gun Bosnia, ìṣẹ́gun wa àkọ́kọ́ ní Ife Àgbáyé láti 1998. Ayò náà wà lára ohun tó gbé Nàìjíríà dé ìpele kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ti ṣe tirẹ̀ ní 2013. Ọwọ́ òsì ló ṣiṣẹ́ ní Cuiabá.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní 2002, Nàìjíríà ṣe ipò kẹta ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, inú sì bí àwọn aláṣẹ. Wọ́n lé Shaibu Amodu tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n gbé ikọ̀ fún Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti mú Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Áfíríkà ní 1984. Sunday Oliseh tó jẹ́ balógun àti Finidi George kò bá wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Korea àti Japan. Oṣù díẹ̀ péré ni Onígbìndé ní láti kó ikọ̀ tuntun jọ. Argentina na wọ́n ní 1 sí 0, Sweden na wọ́n ní 2 sí 1, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú England, wọ́n sì padà sílé. Kò tọ́ kí a di ẹ̀bi yìí ru Onígbìndé. Àwọn tó wà lókè ló ti tú ilé ká kí wọ́n tó ní kí ó wá gbé inú rẹ̀. Ìbáwí tó kó gbogbo ènìyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń kó ìrírí lọ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Oliseh náà di akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles ní 2015. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó ikọ̀ ní Belgium láàrin òun àti Vincent Enyeama, balógun ikọ̀ àti aṣọ́lé tó ti wọ aṣọ Nàìjíríà nígbà 101. Enyeama ti lọ sìnkú ìyá rẹ̀. Nígbà tó padà, ipò balógun ti bọ́ sọ́wọ́ Ahmed Musa. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó kéde pé òun ò gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè mọ́. Oliseh kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2016. Ẹ̀tọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni láti yan balógun, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá, ó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ ti pè é sí yàrá, kí ó bá a kẹ́dùn, kí ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ìpinnu rẹ̀ fún un kí ikọ̀ tó jókòó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ìyà tó wáyé, kí ẹni tó ṣẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní àìgbọràn, ebi ló wà nídìí rẹ̀, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní 2006, ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú fẹ́ẹ̀ tú ikọ̀ Togo ká ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Jámánì: Otto Pfister tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ikọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìdíje àkọ́kọ́ ku ọjọ́ díẹ̀, ó sì padà wá, àwọn agbábọ́ọ̀lù halẹ̀ pé àwọn ò ní bá Switzerland gbá, títí FIFA fi dá sí i. Wọ́n pàdánù ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní oṣù Kejìlá 2016, àwọn Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà tó gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Cameroon, kọ̀ láti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ní Àbújá, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí owó iṣẹ́ wọn. Kò sí ìbáwí tó yẹ irú wọn. Ní ọdún kan náà, ikọ̀ Òlíńpíìkì Nàìjíríà há sí Atlanta nítorí ọkọ̀ òfuurufú tí wọn kò tètè sanwó rẹ̀, wọ́n dé Manaus ní Brazil ní wákàtí díẹ̀ sí ìdíje, wọ́n sì na Japan ní 5 sí 4. Àwọn ọmọ yẹn rí i pé Samson Siasia, ọ̀gá wọn, wà nínú ìyà kan náà pẹ̀lú wọn, kò sì tíì gba owó oṣù tirẹ̀. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ idẹ wálé.

Fún kóòṣì ìlú kékeré, ìtumọ̀ èyí ni pé kí ó má ṣèlérí owó ọkọ̀ tàbí oúnjẹ tí olùrànlọ́wọ́ ikọ̀ kò tíì fi lé e lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ bá béèrè ẹ̀tọ́ wọn, kí ó bá wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ wọ́n.

Ìka kò dọ́gba, òfin ló gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣòro jù ni ọ̀dọ̀ ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ju gbogbo wọn lọ, àti ọmọ ẹni tó ra jẹ́sì fún ikọ̀. Bí irú wọn bá sùn nílé lọ́jọ́ ìgbáradì, tí wọ́n sì wà nínú mọ́kànlá lọ́jọ́ Sátidé, àwọn yòókù ti mọ iye tí òfin jẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn Alex Ferguson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Manchester United nígbà náà, máa ń rántí bàtà tó ta lu ojú David Beckham ní oṣù Kejì 2003, tí wọ́n sì ta Beckham fún Real Madrid lọ́dún yẹn. Wọn kì í sábà rántí Eric Cantona, ọmọ ikọ̀ kan náà, ẹni tó ta èrò ìwòran nípàá ní oṣù Kìíní 1995. Kíláàbù dá a dúró, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England fòfin dè é fún oṣù púpọ̀, ó sì fẹ́ lọ pátápátá. Ferguson fúnra rẹ̀ lọ bá a ní Paris, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó padà. Ní 1996, Cantona ló gbá ayò tó gba ife FA lọ́wọ́ Liverpool. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kọ́ títa bàtà tí kò kọ́ ìrìn-àjò Paris, ìlàjì iṣẹ́ ló kọ́.

Ìyà náà ní irú tó yẹ. Kí agbábọ́ọ̀lù jókòó fún ìdíje kan tàbí méjì, kí ó pàdánù ipò balógun fún ìgbà díẹ̀, kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀, kí ó kó bọ́ọ̀lù àti kóònù nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: ìwọ̀nyí ń dunni láìṣe ara léṣe. Pàṣán, ìgbátí, èébú sí òbí, àti fífi omi du ọmọ lábẹ́ oòrùn kò sí lára iṣẹ́ yìí rárá. Sísáré nínú ooru láìmu omi lè gbẹ̀mí ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí a nà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní gbá bọ́ọ̀lù dáadáa sí i. Yóò wá ọ̀nà tí kò fi ní wá mọ́, ìlú yóò sì pàdánù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú yàrá kò gbọ́dọ̀ dé ojúde. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2010 ní South Africa, Nicolas Anelka sọ̀rọ̀ burúkú sí Raymond Domenech, akọ́nimọ̀ọ́gbá France, láàrin ìsinmi ìdíje France àti Mexico. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn, àjọ bọ́ọ̀lù lé Anelka wálé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ ìgbáradì ní Knysna lójú kámẹ́rà. France ló ṣe ìkẹyìn nínú ìsọ̀rí wọn. Lónìí, WhatsApp ìlú kan ti tó láti ṣe irú ìpalára yẹn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n bi léèrè lórí rédíò ní Adó-Èkìtì nípa ọmọ tó jókòó lè dáhùn pé ìpinnu ikọ̀ ni, kí ó sì dákẹ́.

Ọjọ́ tí ìyà bẹ̀rẹ̀ ni kí a ti sọ ọjọ́ tí yóò parí. Kóòṣì yóò pe ọmọ náà pẹ̀lú balógun, yóò sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, yóò sọ iye ìdíje tí kò ní gbá, yóò sì jẹ́ kí ó máa wá sí ìgbáradì ní gbogbo àkókò yẹn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa wúwo. Bí ìyà bá tán, kí ó fún un ní iṣẹ́ gidi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó padà, kí ó má fi í sínú ikọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn. Kí ó má tún mẹ́nu kan ẹ̀ṣẹ̀ náà nígbà tí ọmọ bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, kí ó sì ṣọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má fi ṣẹlẹ́yà. Bí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà bá tún wáyé, ìyà kejì lè gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òbí tàbí ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ìpinnu tó jáde.