Ẹ Wo Ewé, Ẹ Wo Iyẹ̀pẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbin Asofẹ́yẹjẹ

Egbò asofẹ́yẹjẹ ni oníṣègùn ń wá, ẹni tó bá sì hú egbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igi náà. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá nílùú Èkó, ilé ti gba ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tó fi dára kí èèyàn gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn sínú ike nílé. Ibi tí ẹ ti rí ẹ̀ka náà àti ibi tí ẹ ti bu iyẹ̀pẹ̀ ló ń kọ wá lóminú.

Bí wọ́n bá fún yín ní iyẹ̀pẹ̀ dúdú láti ààtàn ńlá bíi Solous ní Ìgàndó, ẹ má gbà á, bó ti wù kó lọ́ràá tó. Bátìrì àti wáyà jíjó máa ń jẹrà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjé inú wọn a sì gba egbò wọ ewé. Ẹ lè fọ ewé títí, èyí tó ti wọnú rẹ̀ kò ní jáde. Síse kì í pa òjé. Bí omi àgbo bá ti ń gbẹ, ńṣe ni òjé ń ki sí i, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù.

Ẹ má ra igi tí wọ́n ti já gbogbo ewé rẹ̀ dànù, torí ewé la fi ń dá a mọ̀. Ewé asofẹ́yẹjẹ máa ń yí igi po, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú kan. Ẹ gé e, oje funfun á ṣẹ̀. Oje nìkan kò tó ẹ̀rí o, bọ̀mùbọ̀mù náà ní in.

Ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù tí kò sì gbó jù, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, tó sì ní ojú mẹ́ta, ló dára. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e nísàlẹ̀ ojú, ẹ nu oje rẹ̀, ẹ fọwọ́, kí ẹ tó kì í bọ yanrìn odò lábẹ́ ibòji. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rè é: ewé á yọ, inú wọn á dùn, wọ́n á hú u lọ gbìn síbòmíràn. Oúnjẹ inú igi fúnra rẹ̀ ni ewé yẹn ń jẹ, kò tíì ta gbòǹgbò. Ẹ rọra fà á. Bí kò bá di ilẹ̀ mú, ẹ fi sílẹ̀.

Agbára èyí tó hù nínú ike nílé kò dín sí ti inú igbó. Reserpine, èròjà tí àwọn onímọ̀ yọ lára ìbátan asofẹ́yẹjẹ ti ilẹ̀ Íńdíà ní 1952, wà nínú tiwa náà. Ní 1960, Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Àgbo rẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè mú un wálẹ̀ kọjá ààlà, pàápàá lára ẹni tó ń lo oògùn ọsibítù. Kí aboyún má fẹnu kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó ń sùn láìjí, ẹ má fi àgbo mìíràn lé e. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìgàndó, kí ẹ sì mú ẹ̀ka igi náà dání tewétewé.