ÀGBÀLÁ ÀDÚRÀ

Kà: Dáníẹ́lì 6:1-10, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:1-8
Ẹsẹ fún àkọ́sórí: Lúùkù 5:16

Bí o bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú Ọba, tí ó sì ránṣẹ́ pè ọ́ wá lọ́jọ́ kan, má jẹ́ kí ó jẹ́ ọjà nìkan ni yóò máa mú ọ lọ. Ní kí ó mú ọ dé Gloucester, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn England. Kàtídírà kan wà níbẹ̀ tí orúkọ Pétérù mímọ́ wà lára orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára orúkọ Kàtídírà ti Aké ní Abẹ́òkúta wa níhìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàtídírà náà ni àgbàlá kan wà tí àwọn mọ́ńkì kọ́, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí kò gbéyàwó, tí wọ́n ya gbogbo ayé wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lẹ́yìn 1351, wọ́n parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1412. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì dúró digbí títí di òní.

Ọmọ Òwu tó bá wọ ibẹ̀ kò ní ṣe àjèjì. Rántí bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́ agbo ilé: ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, òrùlé bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá sì wà láàárín níbi tí oòrùn ń ràn sí, tí òjò ń rọ̀ sí. Bí àgbàlá àwọn mọ́ńkì náà ṣe rí nìyẹn. Koríko tútù ló wà láàárín rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta mẹ́rin ló yí i ká. Tí o bá gbójú sókè, wàá rí àjà tí wọ́n gbẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ tí a là sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn onímọ̀ kà á sí èyí tó pẹ́ jù lọ nínú irú àjà bẹ́ẹ̀ tó ṣì dúró.

Má kánjú kúrò níbẹ̀. Lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ apá gúúsù, kí o ka àwọn yàrá kéékèèké tó tò sí ojú fèrèsé. Wọ́n jẹ́ 20. Ẹnì kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ibẹ̀ ni mọ́ńkì máa ń jókòó láti kàwé àti láti kọ̀wé níwọ̀n ìgbà tí ojúmọmọ bá ṣì wà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ apá àríwá, ọpọ́n òkúta gígùn kan wà tí wọ́n ti ń fọwọ́ kí wọ́n tó lọ jẹun. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ha ojú eré sára ìjókòó òkúta, eré tí a fi ń jókòó ta bí ayò wa. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí agogo bá dún, eré tán. Òfin tí Benedict kọ ní ọ̀rúndún kẹfà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òun náà sì wo ohun tí onísáàmù sọ ní Sáàmù 119:164 nípa ìgbà méje lóòjọ́. Ìgbà méje ní ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan sí i ní òru. Nínú òtútù ilẹ̀ náà, láìsí iná mànàmáná, wọ́n á dìde ní ọ̀gànjọ́, wọ́n á lọ kọ sáàmù.

Àwa kò gba gbogbo ẹ̀kọ́ wọn. Olúwa kò pè wá láti sá fún ayé. Ẹni tó máa ń yà sọ́tọ̀ lọ sí aginjù láti gbàdúrà ni ẹni kan náà tó ń padà wá wo aláìsàn sàn. Ka iyókù Lúùkù 5, wàá rí i. Síbẹ̀, jẹ́ kí n bi ọ́: aago mélòó ni àdúrà ilé rẹ? Má ṣe wí pé ìgbà tí Ẹ̀mí bá darí ni. Ẹ̀mí darí Dáníẹ́lì, ó sì ní wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ àti fèrèsé kan pàtó. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ mọ wákàtí náà. Òun ni wọ́n fi mú un!

Kí wá ni òpin àwọn mọ́ńkì wọ̀nyí? Láàárín 1536 sí 1540, ọba Henry Kẹjọ ti gbogbo ilé àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ England pa, nǹkan bí 800. Ó kan Gloucester ní 1540. Ilé náà kò wó, nítorí pé ní ọdún kejì ọba sọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ di ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyí tí àgbàlá náà fi dára tó bẹ́ẹ̀ lónìí. Wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú Kàtídírà, mi ò ní sọ pé kò sí Ọlọ́run níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n torí wọn kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ, wọn kò sì padà. Ògiri kù, agogo òru dákẹ́.

Wàyí o, jẹ́ kí a padà sí ilé. Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní 1843, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1846 ni òun àti Àjàyí Crowther wá tẹ̀dó. Ní oṣù kejì ọdún 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi àkọ́kọ́, ìyá tó bí Crowther sì wà lára àwọn tí wọ́n rì bọmi. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1867, ìjà Ifọ́lé ṣẹlẹ̀. Wọ́n ya wọ ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n kó ẹrù, wọ́n ba ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn kò sì yè é. Wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde. Àwọn onígbàgbọ́ kan bá wọn sá lọ sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta.

Bí ó bá ṣe pé inú ògiri ni àdúrà wọn wà, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣẹ́ kù sí Abẹ́òkúta. Wọn kò ní òyìnbó, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló ń darí wọn, wọn kò sì jẹ́ kí iná kú. Ọdún 31 lẹ́yìn Ifọ́lé, ní 1898, ni wọ́n parí ilé ìjọsìn Aké tí a ń wò lónìí.

Ta ni ó yẹ kí ó mọ èyí ju ọmọ Òwu lọ? Òwu-Ìpólé ní odi, odi náà lágbára, síbẹ̀ ogun kó ìlú náà lẹ́yìn ọdún 1820. Ní 1834 ni àwọn baba wa dé Abẹ́òkúta. Orúkọ wọn ni wọ́n gbé dání, wọn kò gbé odi.

Ní 2020 nígbà àrùn kòrónà, ìjọba ti ilé ìjọsìn pa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fún oṣù mélòó kan. Ìgbà yẹn ni ilé kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ó ti ń gbàdúrà. Àwọn ilé kan wà tí ohùn orin kò dákẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn mìíràn ń dúró kí ṣọ́ọ̀ṣì ṣí.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtijọ́ ti di ṣọ́ọ̀bù ní Tótòrò. Bàbá gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ Èkó ní Kútọ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ìyá ń di ẹrù ọjà, ọmọ kò tíì rí bàtà rẹ̀ kejì. Nítorí náà, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan. Mú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mú ìjókòó kan, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Bí bàbá bá ti lọ, kí ìyá lu agogo. Bí ìyá kò bá sí nílé, ọmọ tó dàgbà jù ní ọwọ́ tó lè fi lu agogo. Sọ wákàtí náà fún ọmọ tó wà ní England pẹ̀lú: aago tiwọn dọ́gba pẹ̀lú tiwa nígbà ẹ̀rùn wọn, nígbà òtútù ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń gbàdúrà níhìn-ín, kí òun náà mọ̀ pé ẹ ti wà lórí eékún.

Kókó àdúrà: Dárúkọ ọmọ ilé yìí kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́yìn odi, kí o gbàdúrà fún un. Gbàdúrà fún àwọn ará tí wọ́n ti ti ilé ìjọsìn wọn pa tàbí tí wọ́n ti dáná sun ún.

Bíbélì kíkà fún òní: Nehemáyà 1-3