Àpótí Ìmọ̀: Ọmọlangidi Tó Ń Jó

Odò Bẹ́núé tó ń pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja gba ilẹ̀ Tiv kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Kwagh-hir, eré tó ní ọmọlangidi nínú, tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2019. Abẹ́ pẹpẹ tí wọ́n faṣọ bò ni adarí ère ń sá pamọ́ sí. Ọ̀pá àti okùn ló fi ń mi ère láti ìsàlẹ̀, àfi bíi pé ère ń gúnyán fúnra rẹ̀. Ní Yúróòpù, òkè lokùn ti ń wá, láti ara igi ìdarí dé orí, ọwọ́ àti orúnkún. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ńkọ́? Orí oníjó ni ère wà nígbà mìíràn: oníjó á máa fa okùn, á tún máa jó sí ìlù. Lójú tèmi, ìyẹn ló le jù.