Kí A Tó Gbéra Lọ sí Bàhíà: Ẹ̀kọ́ Lórí Owó Àjùmọ̀ná

Ọ̀pọ̀ ẹbí nínú ẹgbẹ́ wa ló ń bèèrè bí a ṣe lè kó àwọn ọmọ lọ sí Salvador ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí àṣà Yorùbá ṣe fìdí múlẹ̀ lókè òkun. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n owó tí a kó jọ láìní ètò lè tú ọ̀rẹ́ ogún ọdún ká. Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò.

1. Ọjọ́ ìrìn-àjò. Ọjọ́ kejì oṣù kejì ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Yemọja ní etí òkun Rio Vermelho. Àwọn ọmọ wa níhìn-ín yóò wà níléèwé nígbà náà, owó hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ á sì ti lọ sókè. Àárín oṣù kẹjọ bọ́ sí ìsinmi iléèwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn àgbà obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Boa Morte máa ń ṣe ọdún tiwọn ní Cachoeira, ìlú tó fi ohun tó lé ní 100 kìlómítà jìnnà sí Salvador.

2. Ìṣirò. Ẹ pín ìnáwó sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni owó tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀ òfuurufú, yàrá, oúnjẹ. Èkejì ni owó àjùmọ̀san: bọ́ọ̀sì, àti ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè Potogí. Bí ẹnì kan bá yẹra, èkejì yìí kì í dín kù. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé owó àjùmọ̀san jẹ́ 1,800 póùn, tí a sì jẹ́ méjìlá: 150 póùn ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni mẹ́ta bá yẹra, ó di 200 póùn. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá jẹ́ méjìlá, ẹ fi ẹni mẹ́sàn-án ṣe ìṣirò, kí gbogbo yín san 200 póùn. Bí gbogbo yín bá lọ, 50 póùn yóò padà sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

3. Ìpamọ́ owó. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí. Ẹni tó ń kọ ìwé owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ná an. Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ òfin ìdápadà owó sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Ẹ má sì fi èrè lé e: ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe irú ètò yìí léraléra tàbí fún èrè, òfin ọdún 2018 lórí ìrìn-àjò àkópọ̀ lè kà á sí oníṣòwò.

4. Ìwé ìrìnnà. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà Bràsíìlì fún ìbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ rí i pẹ̀lú pé pásípọ́ọ̀tù tó ń lò wà nínú àkáǹtì eVisa rẹ̀, kí ìpadàbọ̀ má bàa di wàhálà. Ọmọ tó bá ń bá òbí kan ṣoṣo lọ, kí ó ní lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ òbí kejì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ yẹ kó wọlé ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ tètè bá dókítà sọ̀rọ̀.

5. Ìwà ọmọlúàbí. Ilé ìjọsìn ni Ilê Axé Opô Afonjá, tí Eugênia Anna dos Santos dá sílẹ̀ ní 1910. Kì í ṣe ilé ìran. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ọgbà rẹ̀ ń jẹ́ Ilê Ohun Lailai. Ẹ kọ̀wé síwájú, ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ má ya fọ́tò láìgbàyè, kí ẹ sì ti ka owó ìtọrẹ mọ́ ìnáwó. Àkàrà tí wọ́n ń dín ní ìgboro pẹ̀lú epo pupa kò nílò ògbufọ̀: acarajé ni wọ́n ń pè é.

Lákòótán, kí akápò ka ìṣirò jáde ní ìpàdé kí ẹ tó gbéra, kí ó sì tún kà á nígbà tí ẹ bá dé. Bí owó bá mọ́, àjò á dùn, onílé á sì relé.